Ìdánwò Tí Mo Ṣe Fún Àwọn Awakọ̀ Tírélà

Ọmọ mi, àbíkẹ́yìn mi,

Ara ìyá rẹ le, ara tèmi náà le, àfi orúnkún òsì yìí tó máa ń jí kí èmi tó jí. Bó bá jẹ́ orí ìjókòó ọkọ̀ lo ti ń ka ìwé yìí, mo bẹ Ọlọ́run kí ọkọ̀ náà wà ní ìdúró. Kí ojú ọ̀nà rọ̀ ọ́ lọ́rùn, kí bíréèkì rẹ máa gbọ́ràn sí ọ lẹ́nu, kí ẹni tó ń bọ̀ lódìkejì má ṣe sùn. Ìyá rẹ ní kí n fi kún un pé kí o máa jẹun àárọ̀. Mo ti fi kún un.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ fún iṣẹ́ tí o rán mi. Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ̀yìn tì nílé ẹ̀kọ́, kò sẹ́ni tó fún mi níṣẹ́ kan tó ju pé kí n bá òun ka ohun tí wọ́n kọ sára ìgò oògùn. Nígbà tí àpò ìwé rẹ dé, tí mo rí ogún fọ́ọ̀mù nínú rẹ̀, tí mo kà á pé iléeṣẹ́ yín fẹ́ kọ́ ibùdó ìsinmi fún àwọn awakọ̀ tírélà, pé wọ́n ní kí ìwọ tí ò ń wakọ̀ bá àwọn tó ń ya àwòrán rẹ̀ jókòó, àti pé kí n bá ọ fún àwọn awakọ̀ tó máa ń dúró ní ìkóríta wa ní fọ́ọ̀mù, inú mi dùn débi pé mo lọ gẹrun. Mo sì rí ìlà tó kẹ́yìn lẹ́tà rẹ, níbi tí o ti kọ ọ́ pé o máa gba ibí kọjá lọ́jọ́ kejìdínlógún oṣù tó ń bọ̀, pé kí n kó fọ́ọ̀mù náà wá bá ọ ní ìkóríta, pé o ò ní yà sílé. Ìlà yẹn gan-an ni mò ń fèsì sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n óò rìn yíká díẹ̀ kí n tó dé ibẹ̀.

Mi ò fẹ́ kí o gbọ́ ohun tí mo ṣe lẹ́nu ẹlòmíì. Mo wo fọ́ọ̀mù rẹ dáadáa. Ìbéèrè mẹ́wàá ló wà níbẹ̀. Wọ́n fi àyè orúkọ sílẹ̀ lókè, wọ́n sì ní kí olúkúlùkù dáhùn fúnra rẹ̀. Ọkùnrin tó fi ogójì ọdún kọ́ni, kí ni yóò pe irú ìwé bẹ́ẹ̀? Mo pè é ní ìdánwò. Mo rò pé iléeṣẹ́ yín fẹ́ mọ àwọn awakọ̀ tí orí wọn pé, kí wọ́n lè mọ ẹni tí wọn yóò jẹ́ kó wọ ibùdó tuntun náà.

Ni mo bá lọ yá bẹ́ǹṣì nílé ẹ̀kọ́. Mo tò wọ́n sábẹ́ ibòji lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mo fi àlàfo ọwọ́ kan sáàárín ẹni kan sí èkejì kí wọ́n má baà jíwèé wò. Awakọ̀ mẹ́rìnlá ló jókòó. Mo gba fóònù wọn sínú báàkéètì, mo fọn fèrè, mo ní ogójì ìṣẹ́jú ni wọ́n ní. Ọmọ mi, wọ́n gbọ́ràn! Àwọn èèyàn tó ń gbé ẹrù ọgbọ̀n tọ́ọ̀nù kiri jókòó, wọ́n di ẹsẹ̀ pọ̀ bí ọmọ kíláàsì kìn-ín-ní. Ọ̀kan tó ń jẹ́ Aláròyé, tó máa ń kó sìmẹ́ńtì, bi ẹnì kejì rẹ̀ pé kí ló kọ sí ìkẹta, mo sì gbé e wá síwájú. Ó ní ọgbọ̀n ọdún rèé tí òun ti sá kúrò nílé ìwé, òun ò mọ̀ pé ilé ìwé ń tọ òun bọ̀ lójú títì.

Lẹ́yìn náà, mo mú bírò pupa. Ìbéèrè kejì ní kí wọ́n fún àwọn ibi ìsinmi tó wà lójú ọ̀nà báyìí ní máàkì láti orí òdo dé márùn-ún. Gbogbo wọn ló kọ òdo. Mo ní ó hàn pé wọ́n wo ara wọn ni, mo sì fagi lé gbogbo rẹ̀. Níbi tí iléeṣẹ́ yín kọ ọ́ sí pé kò pọn dandan láti dáhùn, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó pọn dandan. Aláròyé kọ ọ́ pé òun fẹ́ ibùdó tí ẹnì kan yóò ti kí òun káàbọ̀ kó tó bi òun léèrè owó. Mo kọ ọ́ sí i létí pé ìkíni kì í ṣe ohun tí bíríkìlà ń kọ́, mo fún un ní mẹ́rin nínú mẹ́wàá. Ó gbé ìwé náà sókè, ó ń fi han gbogbo ayé. Ó ní kí wọ́n wá wo orí òun o, ọdún méjìlélógún lòun ti ń wakọ̀ tí òun ò dànù lójú títì, orí bẹ́ǹṣì lòun wá dànù sí!

Èyí tó dàgbà jù nínú wọn, tí wọ́n ń pè ní Jẹ́jẹ́, kọ ọ́ pé kí wọ́n ṣe ibùdó náà kí ọkọ̀ lè gba ọ̀nà kan wọlé, kó gba òmíràn jáde, láìfi ẹ̀yìn rìn rárá, nítorí ọrùn òun kò yí mọ́. Mo yọ máàkì méjì nítorí àmì ohùn. Ẹgbẹ́ mi ni ọkùnrin yìí. Ó kó ọwọ́ sẹ́yìn wá gba ìwé rẹ̀, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ibẹ̀ ni ojú ti kọ́kọ́ tì mí díẹ̀, àmọ́ mi ò tíì mọ ìdí.

Obìnrin kan ṣoṣo ló wà láàárín wọn, wọ́n ń pè é ní Ẹlẹ́sẹ̀-Púpọ̀ nítorí iye táyà ọkọ̀ rẹ̀. Ìbéèrè keje bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ jù lọ. Ó kọ ọ́ pé balùwẹ̀ tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣeé tì látinú, kí iná sì wà lójú ọ̀nà tó lọ síbẹ̀. Kò kọ ìdí. Mo fún un ní òdo, mo kọ ọ́ pé kó ṣàlàyé. Kò bínú. Ó rẹ́rìn-ín, ó jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì, ó ní Bàbá, ẹ jẹ́ n ṣàlàyé. Ó ní àárín táyà méjì lòun ti ń wẹ̀, òun á so aṣọ mọ́ iwájú, òun á so ó mọ́ ẹ̀yìn, etí òun á sì máa gbọ́ gbogbo ẹsẹ̀ tó bá ń kọjá. Ó ní tí òun bá fẹ́ sùn, okùn lòun fi ń so ilẹ̀kùn ọkọ̀, òun kì í sì í bọ́ bàtà. Mo bi í pé ṣé òun nìkan ni. Ó ní gbogbo obìnrin tí òun mọ̀ nídìí iṣẹ́ yìí, bàtà wọn ni wọ́n fi ń sùn. Ó wá fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ ọ́ fún mi pé ìbéèrè yìí kò ní ìdáhùn tó tọ̀nà tàbí tí kò tọ̀nà, pé wọ́n ń bi àwọn ni nítorí pé wọn ò mọ̀ ọ́n.

Àbíkẹ́yìn mi, mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ púpọ̀ láyé yìí, àmọ́ ọ̀rọ̀ yẹn bá mi lójijì. Fún ogójì ọdún, mi ò bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè kan tí ìdáhùn rẹ̀ kò ti sí lápò mi. Mi ò sì bi ìwọ náà rí. Lọ́jọ́ tí o kọ́kọ́ wa tírélà wá sílé, tí o tẹ fèrè kí n lè wá wò ó, o ti wẹ̀, o ti fọ ọkọ̀ náà, o wọ aṣọ iṣẹ́ tí wọ́n kọ orúkọ rẹ sí láyà. Gbogbo àdúgbò jáde. Èmi ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ jáde pẹ̀lú, mo sì ní kí o gbé nǹkan yìí kúrò níwájú ilé mi. Mi ò bi ọ́ pé ta ló kọ́ ọ. Mi ò bi ọ́ pé níbo lo máa sùn. O gbé e lọ sí ìkóríta, o sì sùn síbẹ̀, ibẹ̀ náà lo sì ń sùn ní gbogbo ìgbà tí o bá gba ibí kọjá fún ọdún mẹ́sàn-án. Lẹ́yìn tí Ẹlẹ́sẹ̀-Púpọ̀ lọ, mo ka ìṣísẹ̀ láti ìkóríta dé ibùsùn rẹ nílé. Irinwó ó lé mẹ́jọ ni. Irinwó ìṣísẹ̀ sí ibùsùn, ọmọbìnrin mi wọ bàtà sùn. Ìyá rẹ ti wá jẹ́wọ́ pé gbogbo ìgbà tí òun bá ní òun ń lọ sọ́dọ̀ aránṣọ, ọ̀dọ̀ rẹ lòun ń gbé oúnjẹ lọ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní òun ò ṣe é nítorí ọpẹ́ mi.

Mo jẹ̀bi. Mi ò fi ohunkóhun gbe ara mi lẹ́yìn.

O rántí ògiri iwájú ilé àti géètì tóóró rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì tí mo lé ọ lọ ni mo mọ ọ́n. Mo sọ fún gbogbo èèyàn pé nítorí ewúrẹ́ ni. Kì í ṣe nítorí ewúrẹ́. Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, mo pe bíríkìlà tó bá mi mọ ọ́n, mo ní kó wá wó o. Ó wò mí títí, ó bi mí pé ṣé ewúrẹ́ ti tán nílùú ni. Mo ní kó máa wó o. A wó o láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, a sì ṣí ẹ̀gbẹ́ kejì pẹ̀lú, níbi tí ilé ìdáná àtijọ́ wà, kí ọkọ̀ lè gba iwájú wọlé kó gba ẹ̀gbẹ́ jáde. Jẹ́jẹ́ fúnra rẹ̀ ló wá fi okùn wọn àyè náà, ó ní tírélà rẹ yóò yí níbẹ̀ láìfara kan ohunkóhun. Mo ti fi kọ́kọ́rọ́ sí balùwẹ̀ látinú. Mo gbé gílóòbù sí ojú ọ̀nà ibẹ̀, ìyá rẹ sì ti sá mátírẹ́ẹ̀sì rẹ sóòrùn.

Ní ti fọ́ọ̀mù, bírò pupa kò ṣeé pa rẹ́, nítorí náà mo ti fún gbogbo wọn ní mẹ́wàá nínú mẹ́wàá. Aláròyé ní kí n fọwọ́ sí tòun, òun fẹ́ fi han ìyàwó òun. Sọ fún àwọn tó ń ya àwòrán pé òdo tí wọ́n kọ yẹn, òdo gidi ni. Mo gbìyànjú láti fi fóònù ya fọ́tò wọn ránṣẹ́ ṣáájú, bí o ṣe tún ní kí n ṣe, àmọ́ fóònù náà ní òun kò ní àyè mọ́, òun ti kún. Mo yọ gbogbo rìsíìtì àti fọ́tò pélébé tí mo ń kó sínú àpò rẹ̀, mo gbọn àpò náà nù, síbẹ̀ ó ní òun kún. Mi ò bá a jà. Wàá gbà wọ́n lọ́wọ́ mi nílé.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó, má bínú. Bíríkìlà ní bí òjò bá rọ̀, ilẹ̀ iwájú ilé yìí yóò gbé táyà mì, àfi tí a bá da òkúta wẹ́wẹ́ sí i. Ọkọ̀ mẹ́ta ni yóò gbà. Owó ìfẹ̀yìntì mi ra ọ̀kan, ìyá rẹ ra ìdajì èkejì, kò sì jẹ́ kí n mọ ibi tó ti rí owó. Tí agbára rẹ bá ká ìyókù, fi ránṣẹ́. Tí kò bá ká a, má fi ṣe àwáwí pé o ò yà, nítorí ọjọ́ kejìdínlógún ò ní bá ilẹ̀ yìí ní ẹrọ̀fọ̀, bó bá gba pé kí n fi garawa ru òkúta láti etí odò. Mo ti bẹ̀rẹ̀.

Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ọ ní gbogbo ibi tí èmi kò ti ṣọ́ ọ, kó má ṣe dẹ́kun àtimáa ṣọ́ ọ. Kó jẹ́ kí o dàgbà ju èmi lọ, kó jẹ́ kí o gbọ́n jù mí lọ, kó sì jẹ́ kí o tètè gbọ́n ju bí mo ṣe tètè gbọ́n lọ. Tí o bá dé iwájú ilé, tẹ fèrè. Tẹ̀ ẹ́ dáadáa, kí gbogbo àdúgbò jáde.

Èmi ni,
Bàbá rẹ