Àpótí Àǹtí Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ààrò

Mọ́ńdè, 4/5
Mo bẹ̀rẹ̀. Ìgò ni mò ń fọ̀. Ìgò, ìgò, ìgò. Mo kúrò lọ́dọ̀ aránṣọ, mo kúrò lọ́dọ̀ onídìrí, ó wá kan ìgò. Màámi ní èyí ni ìkẹyìn, pé bí wọ́n bá tún lé mi níbí, kí n má wá sunkún sí òun lọ́rùn. Ta ló fẹ́ sunkún?

Láàbù omi ni. Wọ́n á gbé omi kànga, omi ẹ̀rọ, omi odò wá, láàbù á yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ṣeé mu. Àǹtí, àbúrò màámi, ni olórí yàrá ìfọ̀gò. Òun ló bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tó gbà mí. Ó fà mí sí kọ̀rọ̀ láàárọ̀: "Orúkọ mi ni mo fi dúró fún ọ. Tó o bá ba ibí jẹ́, èmi lo bà jẹ́ o, Ìyá Ìbínú."

Ìyá Ìbínú! Kọ̀rọ̀ náà ò sì jìnnà, gbogbo wọn gbọ́.

Túsìdeè, 5/5
Ọwọ́ ń yún mi. Mi ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ó dáa bẹ́ẹ̀.

Wẹ́sìdeè, 6/5
Mo ti mọ iṣẹ́ náà. Ọṣẹ, lẹ́yìn náà omi, lẹ́yìn náà asitóònù. Asitóònù yìí — bí omi ló rí, àmọ́ òun àti omi ò jọ bára tan rárá. Mo bọ́ ìbọ̀wọ́, mo kán an sọ́wọ́. Ó tutù nini, kí n tó ṣẹ́jú ó ti lọ. Àǹtí gbá mi lọ́wọ́. Mo sọ nǹkan náà ní Má-dúró.

Òun ló ń fa omi tó kù lára ìgò kúrò kó lè tètè gbẹ. A ó to ìgò sórí pẹpẹ lẹ́bàá fèrèsé tó ṣí sílẹ̀, títí òórùn ẹ̀ á fi tán pátápátá. Ìgbà yẹn la tó lè kó o sínú ààrò.

Ààrò náà: irin ni, ó ga dé àyà mi, iná ẹ̀lẹ́tíríìkì ló ń mú un gbóná. Gílóòbù pupa iwájú ẹ̀ ti kú tipẹ́, kò sẹ́ni tó pààrọ̀ ẹ̀. Ìbọ̀wọ́ tí a fi ń ṣí i nípọn bíi tìmùtìmù. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ni Àǹtí gbé àpótí ìjókòó ẹ̀ sí, torí orúnkún tó ń ro ó. Lọ́sàn-án, á fẹ̀yìn ti ààrò, á ní, "Ọkọ mi rèé. Kì í pariwo, ó sì ń gbóná." Èmi náà fẹ́ẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín.

Fúráìdè, 8/5
Eléjí yege. Eléjí, ọ̀rẹ́ mi láti kíláàsì àkọ́kọ́. Ìdánwò tó gbé mi ṣubú náà ló gbé e sókè. Ó ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní ìlú míì. Ó wá sílé wá sọ fún mi fúnra ẹ̀. Mo ní "O káre," mo wọ yàrá, mo ti ilẹ̀kùn. Mo burú. Mo mọ̀.

Mọ́ńdè, 11/5
Inú ń bí mi, mo da àlòkù Má-dúró sínú síńkì. Inú agolo tó ní ìdérí ló yẹ kó lọ. Àǹtí rí mi. Kò pariwo — ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù.

Ó pe Bọ̀dá Gọ́gù. Bọ̀dá Gọ́gù ló ń tọ́jú àwọn ẹ̀rọ. Kì í yọ gọ́gù, awò ńlá tó ń dáàbò bo ojú, ó dá mi lójú pé ó ń fi sùn. Wọ́n mú mi lọ sẹ́yìn ilé, ní gbangba. Bọ̀dá Gọ́gù gbé gọ́tà òrùlé kan lé búlọ́ọ̀kù, ó dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀. Àbẹ́là ń jó nísàlẹ̀. Ó fi aṣọ kékeré tó ní ẹ̀kán Má-dúró sí òkè lọ́hùn-ún, ó yára sún sẹ́yìn. Kò sí nǹkan kan. Mo ń rò ó lọ́kàn pé ṣé eré la wá ṣe síbí. Àfi fàà! Iná fò láti ìsàlẹ̀, ó gun gọ́tà lọ sókè bí ológbò tó rí eku. Aṣọ gbiná.

Mo kígbe. Bọ̀dá Gọ́gù da yanrìn lé e.

Àǹtí ní kì í ṣe omi ẹ̀ ló ń wá iná kiri, èémí ẹ̀ ni. Pé a kì í rí i. Pé ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló ń fà bí ejò, títí á fi rí ibi tí iná wà. "Tó bá wá jẹ́ inú ohun tó gbóná, tí wọ́n sì tì pa ńkọ́?" Bọ̀dá Gọ́gù fi ẹnu ṣe "gbòà!" Mi ò rẹ́rìn-ín.

Tọ́sìdeè, 14/5
Ọ̀la ni Eléjí ń lọ. Mọ́tò ọ̀sán. Fóònù mi ti kú, iná ò sí nílé. Mi ò mọ ohun tí màá sọ fún un.

Fúráìdè, 15/5
 Kí n kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Àǹtí wà ní ìpàdé àwọn ọ̀gá láti àárọ̀. Iṣẹ́ pọ̀. Ọ̀sán ti pọ́n, àwọn ìgò tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi Má-dúró ṣàn ṣì tutù, wọ́n ṣì ń rùn. Fèrèsé ló yẹ wọ́n. Àmọ́ tí mo bá fi wọ́n síbẹ̀, Àǹtí á mọ̀ pé mo sá lọ kí iṣẹ́ tó parí. Mo wọ ìbọ̀wọ́, mo kó gbogbo wọn sínú ààrò, mo ti ilẹ̀kùn ẹ̀ pa. Mo sáré jáde.

Ibùdókọ̀. Eléjí jókòó lórí báàgì ẹ̀. Ó rí mi, eyín ẹ̀ yọ, àlàfo àárín ẹ̀ náà yọ. Ó ní, "Mo rò pé o ò ní wá mọ́, olóríkunkun." Ó ń nu ọ̀dà pupa kúrò léèékánná, torí wọn ò gbà á níbi tó ń lọ. Òwú lọ́wọ́ kan, ìgò kékeré lọ́wọ́ kejì. Òórùn ẹ̀ wọ̀ mí nímú.

Má-dúró.

Ààrò. Ilẹ̀kùn tí mo tì pa. Àpótí Àǹtí. Ìpàdé á ti parí, orúnkún ẹ̀ á ti máa ro ó —

Mi ò dágbére. Mo sáré. Bàtà mi kan já, mo fi í sílẹ̀. Mò ń gbàdúrà, mò ń bú ara mi, mo tún ń gbàdúrà.

Ẹnu ọ̀nà yàrá ìfọ̀gò ni mo ti bá Àǹtí, ọwọ́ ẹ̀ ti wà lára ilẹ̀kùn. Mo fà á láṣọ sẹ́yìn. "Ẹ má wọlé! Má-dúró wà nínú ààrò!" Wọ́n ń wò mí bí wèrè. Ta ló mọ Má-dúró yàtọ̀ sí èmi? "Asitóònù! Ìgò tútù ni mo kó síbẹ̀!"

Bọ̀dá Gọ́gù ò bi mí ní nǹkan kan. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló ti pa iná gbogbo ilé. Ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ tẹ suwíìṣì kankan nínú yàrá yẹn, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ ṣí ààrò. Gbogbo èèyàn jáde, àtàwọn ọ̀gá onítáì, àtàwọn tó ru omi wá. A dúró nínú oòrùn. Ẹsẹ̀ mi kan wọ bàtà, ìkejì ò wọ nǹkan kan. Ọ̀gá Àgbà láàbù dúró níwájú mi, mo sì jẹ́wọ́ gbogbo ẹ̀ fún un. Àǹtí ò wojú mi.

Ó pẹ́ gan-an kí Bọ̀dá Gọ́gù tó wọlé. Ó ṣí fèrèsé, ó ṣí ààrò. Nígbà tó jáde, ojú ẹ̀ rí bákan lẹ́yìn gọ́gù.

"Ààrò tutù."

Ọ̀gá Àgbà ní ṣé ó ti wá tutù báyìí ni.

"Rárá, mà. Kò tíì gbóná láti àárọ̀." Ó na ọwọ́ síta. Fóònù mi ni. "Èyí ló wà nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì ààrò. Ó ti kún dáadáa."

Mo ti gbàgbé pátápátá. Láàárọ̀, kí n lè rí iná pe Eléjí, mo fa wáyà ààrò yọ, mo fi ti fóònù mi síbẹ̀. Nǹkan tí wọ́n ní ká má ṣe láé. Gílóòbù tó ti kú ò sọ fún mi, ìbọ̀wọ́ ò jẹ́ kí n mọ̀.

 Àǹtí ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó rín in, ó di orúnkún mú, ó tún rín in. Ìgbà tó yá, mo rí i pé ẹkún ni. Ó gbá mi mọ́ra débi pé egungun ń dùn mí. "Àṣìṣe kan ló lọ gbá ìkejì mú. Ìyá Ìbínú, o fẹ́ pa mí, o ò tiẹ̀ mọ̀ ọ́n ṣe!"

Ọ̀gá Àgbà ò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n máa lọ sílé, wọ́n á ránṣẹ́ sí mi. Ó mú fóònù náà lọ.

Sátidé, 16/5
Màámi ti gbọ́. Kò bú mi. Ó jókòó sétí ibùsùn, ó ń fi ìpara ra ẹsẹ̀ mi tí òkúta ti bó.  Ìyẹn le ju ẹgba lọ.

Sọ́ńdè, 17/5
Kò sí ìròyìn.

Túsìdeè, 19/5
Eléjí fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù Màámi. Ó ní bàtà mi wà lọ́wọ́ òun, òun gbé e wọ mọ́tò, kí ló lé mi? Mo rẹ́rìn-ín títí Màámi fi yọjú. Mo kọ gbogbo ẹ̀ fún un. Mo tún kọ ọ́ pé inú mi dùn pé ó yege. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́, irọ́ ni. Nígbà tí mo kọ ọ́ tán, òótọ́ ni.

Wẹ́sìdeè, 20/5
Wọ́n pè mí. Ọ̀gá Àgbà ní ká ní mo ṣe é kí n sì dákẹ́ ni, òun ì bá ti lé mi. Àmọ́ mo sáré padà. Tí mo bá ti dé ibi iṣẹ́, ọ̀dọ̀ òun ni fóònù mi á máa wà. Ó ku ti Àǹtí — òun ló máa sọ bóyá òun ṣì fẹ́ mi nínú yàrá òun.  Àǹtí kàn ní kí n má pẹ́ dé lọ́la.

Tọ́sìdeè, 21/5
Gílóòbù pupa tuntun ti wà níwájú ààrò. Wọ́n ti gbé àpótí Àǹtí kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, wọ́n tì í sí kọ̀rọ̀. Mo rí i, mo ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Mo fọ ìgò. Mo da àlòkù sínú agolo, mo dé e. Mo to ìgò sẹ́bàá fèrèsé. Mo dúró. Mo tún dúró. Bọ̀dá Gọ́gù kọjá, ó ní ṣé mo gbìn wọ́n ni, ṣé mò ń retí kí wọ́n hù? Mo ní kó kọjá lọ jàre. Òórùn tán pátápátá. Mo wo sọ́kẹ́ẹ̀tì, mo wo gílóòbù, mo kó wọn wọlé, mo ti ilẹ̀kùn ààrò.

Àǹtí ti ń wò mí láti ẹnu ọ̀nà. Mi ò lè wojú ẹ̀. Ó wọlé, ó wọ́ àpótí ẹ̀ láti kọ̀rọ̀, ó gbé e síbi tó máa ń wà. Ó jókòó. Ó fẹ̀yìn ti ààrò, ó na ẹsẹ̀ tó ń ro ó.

"Ọkọ mi," ló wí.

Mo kọjú sí ìgò mi. Nígbà tí mo tún bojú wẹ̀yìn, ó ti sùn lọ. Ẹnu ẹ̀ là sílẹ̀, ó ń hanrun.