Ẹni Tó Fi Ilé Àǹtí Han Ọkọ Ẹ̀

Yàrá òkè,
Lẹ́yìn ilé ìtẹ̀wé,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹfà.

Ọ̀rẹ́ mi tòótọ́,

Ṣé ara ẹ ti ń yá? Imú tí Bọ̀dá mi fọ́ fún ẹ ńkọ́, ṣé ó ti ń jiná? Màmá ẹ ńkọ́, àti àbúrò ẹ tí kì í jẹ́ kéèyàn sùn? Mo mọ̀ pé wọn ò fẹ́ gbọ́ ohunkóhun nípa ilé wa mọ́. N kò bá wọn jà. Ṣáà ka lẹ́tà yìí tán kó o tó fà á ya.

Ìwọ kọ́ lo júwe ilé Àǹtí fún ọkọ ẹ̀. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Inú ilé wa níbí ni mo ti rí i.

O mọ̀ pé ilé iṣẹ́ akẹ́rù kan náà ni Àǹtí àti ọkọ ẹ̀ ń bá ṣiṣẹ́, Àǹtí jẹ́ akọ̀wé, ọkùnrin yẹn jẹ́ awakọ̀. Bọ̀dá ló ṣe ìkànnì tí àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ń wọ̀, èmi tí mo ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹ̀ ni mo kun àwọ̀ sí i. Nígbà tí lílù pọ̀ jù tí Àǹtí sá kúrò nílé ọkọ, tí ìwọ bá wa ru bẹ́ẹ̀dì dé yàrá tuntun, ó fi àdírẹ́sì yàrá náà sórí ìkànnì torí ibi iṣẹ́ ní dandan ni. Ọ̀gá àgbà nìkan ló yẹ kó rí i.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ọkọ ẹ̀ dé. Mo ń fọ abọ́ ní yàrá tuntun Àǹtí. Irin tí wọ́n fi ń tú táyà ló fi la ilẹ̀kùn. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó gbá Àǹtí lápá, mo gbọ́ bí egungun ṣe kán, bí ìgbà téèyàn ṣẹ́ igi gbígbẹ. Àǹtí ṣubú tán, ó tún gbá a. Mo da omi tó ń hó lórí iná sí i lẹ́yìn, mo wá fi ìkòkò náà ń lù ú lórí títí àwọn ará ilé fi gbà á lọ́wọ́ mi, tí wọ́n fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. N kò ní purọ́ fún ẹ, ó dùn mọ́ mi. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù tí mo bá dá wà nìyẹn.

Ilé ìwòsàn la wà tí Bọ̀dá ti ń pariwo pé ta ló tún mọ ilé náà bí ò ṣe ìwọ tó o ru bẹ́ẹ̀dì. Ibẹ̀ ló ti gbéra wá bá ẹ. Nígbà tó padà dé, ẹ̀jẹ̀ ẹ wà lára ẹ̀wù ẹ̀. Ó ń fọ̀ ọ́, ó ń kọrin.

Mo wá lọ sọ tẹnu mi ní àgọ́ ọlọ́pàá. Ọkọ Àǹtí rí mi láti ẹ̀yìn irin, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ọwọ́ ẹ mà le o. Bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ bọ̀dá ẹ, ìkànnì ẹ̀ dáa gan-an."

Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò nínú mi. Mo délé, mo wọ ìkànnì náà bí awakọ̀. Lóòótọ́, bọ́tìnnì àdírẹ́sì ò sí níbẹ̀, Bọ̀dá ti fi pamọ́ fún gbogbo ẹni tí kì í ṣe ọ̀gá. Àmọ́ nígbà tí mo fọwọ́ ara mi tẹ líǹkì ojú-ewé náà, gbayawu ló ṣí. Kò bi mí pé ta ni mí. Mo yí nọ́ńbà tó wà nídìí líǹkì padà, ilé òṣìṣẹ́ kan jáde. Mo tún yí i, ilé Àǹtí jáde, tòun ti nọ́ńbà yàrá. Àṣé ọ̀gá àgbà ti fi irú líǹkì bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí ọkọ Àǹtí rí, nígbà tó ní kó gbé ẹrù lọ fún òṣìṣẹ́ kan; òun náà ló wá yí nọ́ńbà ẹ̀ padà. Kọ́tìnnì ni Bọ̀dá ta bo ẹnu ọ̀nà, ó lóun ti tì í.

Mo fi hàn án, ó gbá mi létí. Etí náà ṣì ń hó. Lẹ́yìn náà ló wá kúnlẹ̀. "Àbúrò mi, jọ̀ọ́. Tí ọ̀gá wọn bá gbọ́, iṣẹ́ mi parí nìyẹn. Ọ̀rẹ́ ẹ náà ti jẹyà tiẹ̀ tán, imú á jiná."

Torí imú yẹn ni mo ṣe sọ fún Àǹtí.

Kò sunkún. Ó ní kí Bọ̀dá gbé kọ̀ǹpútà wá síbi bẹ́ẹ̀dì òun, kó wọlé bí awakọ̀. Bọ̀dá tẹ̀ ẹ́. Àǹtí ka àdírẹ́sì ara ẹ̀ sókè, díẹ̀díẹ̀, bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kàwé. Ó wá fi ọwọ́ tó kù pa kọ̀ǹpútà dé mọ́ ìka Bọ̀dá, ó sì fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Nọ́ọ̀sì sáré wọlé. Àǹtí ní, "Ẹ má yọnu, Nọ́ọ̀sì. Àbúrò mi ni. Ọ̀rọ̀ ẹbí là ń sọ."

Ìka Bọ̀dá wú, kò lè tẹ nǹkan kan. Òun ń sọ bá a ṣe máa tún ìkànnì náà ṣe, èmi ń tẹ̀ ẹ́. Ní báyìí, bọ́tìnnì wà o, bọ́tìnnì ò sí o, sáfà, kọ̀ǹpútà tí gbogbo ìkànnì náà wà lórí ẹ̀, fúnra ẹ̀ máa wádìí ẹni tó ń béèrè kó tó fi nǹkan hàn án. Bọ̀dá ti fẹnu ara ẹ̀ sọ fún ọ̀gá wọn, wọ́n sì ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ó ń bọ̀ wá bẹ màmá ẹ lọ́jọ́ Àìkú. Tí wọ́n bá fẹ́ gbá a, kí wọ́n gbá a. Mo ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọ́dọ̀ gbọ́wọ́ sókè.

Bá mi kí wọn, kó o sì gbá àbúrò ẹ ní ìdí fún mi. Àǹtí ní kí n kí ẹ. Lọ́la ni ilé ìwòsàn máa ní kó máa lọ, kì í sì í ṣe yàrá àtijọ́ ló ń lọ. Èmi nìkan ló mọ ibi tuntun náà, Bọ̀dá ò mọ̀ ọ́n. Àǹtí ní kí n sọ ọ́ fún ìwọ náà. N kò ní kọ ọ́ síbí. Wá, màá mú ẹ débẹ̀.

Èmi náà ni,
Olóríkunkun ẹ.