Ọṣẹ Ọ̀fẹ́ Tí Gbogbo Ayé Ń Yìn

                                                  Ojúlé Kẹrìnlá,
                                                  Òpópónà Box Bar,
                                                  Banjul,
                                                  Ilẹ̀ Gáńbíà.
                                                  Ọjọ́ kẹjọ, oṣù Kẹsàn-án, 1974.

Bàṣírát mi, ọ̀rẹ́ àtìgbà tí a ti jọ ń pọnmi lódò,

Ṣé dáadáa ni o wà? Baálé rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, pàápàá èyí tó ń ṣòjòjò nígbà tí o kọ̀wé kẹ́yìn? Mo gbàgbọ́ pé ara rẹ̀ ti mókun. Ìyá wa ní Ìwó ńkọ́, ṣé orúnkún wọn ti fúyẹ́ díẹ̀? Ẹ kú ìmúra ààwẹ̀ o. Ó ku bí ọjọ́ mẹ́wàá ká bẹ̀rẹ̀ níbí. Ọlọ́run á jẹ́ ká bá a láyọ̀, á sì gbà á lọ́wọ́ wa. Àwa náà wà ní àlàáfíà. Yésúfù ọkọ mi ní kí n kí ọ, kí n sì sọ fún ọ pé òun kò tíì sanra. Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, ẹnu rẹ̀ náà ń ṣiṣẹ́.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Mo ka àdúrà tí o ṣe lórí bàtà tí mo fi rán Jìbírílù sí ọ fún ọdún Iléyá. Àdúrà náà gba ojú ewé kan àtààbọ̀, mo sì ṣe àmín títí ẹnu fi rọ̀ mí. Fi ọ̀rọ̀ bàtà yìí sọ́kàn, a ó padà síbẹ̀.

Ìròyìn tó kún mi nínú lónìí, ọ̀rọ̀ ọṣẹ ni. Má tíì rẹ́rìn-ín.

Ní oṣù Kẹfà, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Dawda wá bá wa ní Ọjà Albert. Ọmọ Gáńbíà ni, ó mọ́ tónítóní, ó de táì nínú ooru. Aṣojú ilé-iṣẹ́ kan ní òkè òkun ni. Ó gbé páálí ńláńlá wá, nígbà tó sì tú u, nǹkan kéékèèké ló wà nínú rẹ̀: ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú tí wọ́n ya ẹyẹlé sí lára, tí a sọ ọ́ ní ọṣẹ ẹlẹ́yẹlé lójú ẹsẹ̀, ọṣẹ ìfọyín tí kò gùn ju ìka mi lọ, ìpara olóòórùn dídùn, àti horo amọ́bẹ̀dùn tí wọ́n fi bébà aláwọ̀ wúrà wé. Ó ní ọ̀fẹ́ ni gbogbo rẹ̀. Ó yan àwa obìnrin ọlọ́jà mẹ́ta, ó ní kí a pín in fún àwọn oníbàárà wa kí wọ́n lò ó, kí a wá kọ ohun tí wọ́n bá sọ nípa rẹ̀ sílẹ̀ láì fi epo bọ iyọ̀. Ó ní bí ọkọ̀ ojú omi bá gbé ọjà náà dé, ọ̀kan nínú àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọn yóò kọ́kọ́ fi í lé lọ́wọ́ ní gbogbo Banjul, ẹni tí ìwé rẹ̀ bá tẹ́ àwọn ọ̀gá òun lọ́rùn.

Bàṣírát, mo fẹ́ ẹ. N kò ní purọ́ fún ọ. Ọdún mọ́kànlá tí mo ti wà níbí, ẹ̀yìn ọjà ni ìsọ̀ mi wà, níbi tí àwọn alábàárù ti ń sọ ẹrù kalẹ̀ kí wọ́n tó mí. Kumba, tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwa mẹ́ta yẹn, ẹnu ọ̀nà gan-an ni tirẹ̀ wà. Kí oníbàárà tó rìn dé ọ̀dọ̀ mi, ó ti ra gbogbo ohun tó fẹ́ rà. Mo sọ fún ara mi pé bí ọṣẹ yìí bá bọ́ sí mi lọ́wọ́, wọn yóò rìn dé ẹ̀yìn ọjà, àní bí òjò ń rọ̀.

Yésúfù ra ìwé ńlá kan, ó fi rúlà fa ìlà sí i: orúkọ ẹni, ọjà tó gbà, ohun tó sọ. O mọ̀ pé ó ka ìwé mẹ́fà kó tó kọ́ṣẹ́ télọ̀, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé. A pín ọjà náà fún ogójì ènìyàn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, n kò tíì ṣí ìsọ̀ tí àwọn ènìyàn fi dé. Mo rò pé wọ́n wá sọ bí wọ́n ṣe rí ọṣẹ ni. Ọpẹ́ ni wọ́n wá dú! O ṣáà mọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa, pé ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Àwọn ará ilé wa ń wí pé ẹ ṣé àná o, àwọn Wolof ń wí pé jẹrẹjẹf, bàbá àgbàlagbà kan fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀ nítorí ọṣẹ ìfọyín, bẹ́ẹ̀ eyín bàbá náà kò ju mẹ́rin lọ. Mo bi wọ́n pé ọṣẹ náà ńkọ́, wọ́n ní Ọlọ́run yóò fi kún un. Mo ní ṣé ó hó dáadáa, wọ́n ní n kò ní rí àdánù. Yésúfù ń kọ ọ́, ó ń kọ ọ́. Nígbà tó dé orí ẹnì kẹẹ̀ẹ́dógún, ó gbé bírò kalẹ̀, ó ní ìwé yìí, lẹ́mọ́mù ló yẹ ká gbé e fún, kì í ṣe ilé-iṣẹ́.

Mo wá ronú pé ọ̀fẹ́ yìí gan-an ló dí wọn lẹ́nu. Mo kó ìyókù sórí àtẹ, mo ní títà ni. N kò fẹ́ ta ọ̀kan ṣoṣo o, ẹnu wọn ni mo fẹ́ gbọ́. Mo sì gbọ́ ọ. Wọ́n ní ọṣẹ ẹlẹ́yẹlé ń rùn bíi kẹrosíìnì. Wọ́n ní kí ni ọṣẹ ìfọyín bíńtín yìí fẹ́ fọ̀ lẹ́nu àgbàlagbà. Rohey tó ń ta ẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi gbé horo amọ́bẹ̀dùn sókè, ó ní òkúta ni wọ́n lọ̀ sínú bébà. Rohey tó jẹ́ pé lánàá ló bẹ̀ mí kí n fún òun ní mẹ́ta sí i! Nígbà tí mo rán an létí, ó ní àná kọ́ là ń ná ọjà. Bí mo bá fi fún wọn, oyin ni. Bí mo bá ní kí wọ́n rà á, ó di jogbo.

Ní tèmi, mo ti lo gbogbo rẹ̀. Ọṣẹ ẹlẹ́yẹlé fọ kàfùtáánì funfun Yésúfù, ó ń tàn yanran. Ọṣẹ ìfọyín dára, àfi pé ó dùn jù, àwọn ọmọ ń gbé e mì. Horo amọ́bẹ̀dùn dára púpọ̀, ìlàjì rẹ̀ tó fún ìkòkò ìrẹsì, bí o bá fi odindi sí i, omi ni wàá máa mu títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ìpara náà ń ta sánsán, ṣùgbọ́n gbogbo eruku ọjà ló lẹ̀ mọ́ mi lójú kó tó di ọ̀sán, Yésúfù sì bi mí bóyá iṣẹ́ bíríkìlà ni mo lọ ṣe. Èrò mi nìyẹn. Mo rò pé kò sí ìṣòro.

Àfi ìgbà tí mo dé ọ̀dọ̀ Mama Mariatu. Ìyá arúgbó kan ni, ilé wọn ni ìkẹta sí tiwa. Ọ̀kan nínú àwọn Aku ni, àwọn mùsùlùmí tí bàbá ńlá wọn wá láti Freetown. Èdè wọn kì í ṣe Yorùbá, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wa wà káàkiri inú rẹ̀. Bí mo bá ń kọjá, yóò ní "Kushe o," èmi náà yóò ní "Ẹ kú iṣẹ́ o," a ó sì jọ rẹ́rìn-ín. Nínú gbogbo ogójì ènìyàn, òun ló dúpẹ́ jù. Ìgbà mẹ́ta ló wá, ní ìgbà kẹta ó gbé abọ́ ọ̀lẹ̀lẹ̀ dání.

O mọ̀ pé èèyàn kì í dá abọ́ padà lófìfo. Mo wá ohun tí n ó fi sínú abọ́ Mama, mo sì ro ohun tí wọ́n dúpẹ́ lé lórí jù. Mo gbé ọṣẹ ẹlẹ́yẹlé méjì sí i! Nígbà tí mo gbé e fún wọn, wọ́n wo inú abọ́ lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Wọ́n sì sáré lọ sẹ́yìn ilé, bí ẹsẹ̀ ti ń dùn wọ́n tó yẹn, wọ́n fẹ́ ká aṣọ kan lórí okùn lábẹ́ àtíbàbà. Mo tẹ̀ lé wọn láti ràn wọ́n lọ́wọ́.

Aṣọ aláró ìyá wọn ni, èyí tí ìyá náà gbé wá láti Freetown. Mo mọ̀ ọ́n. Kò sí kọmọjade, ìsọmọlórúkọ tiwọn, tí wọ́n ṣe ní àdúgbò wa tí Mama kò ró o lọ. Ní ọjọ́ yẹn, ó ti ṣí ní ibi púpọ̀, ó funfun yọ́yọ́ bí ẹni da èérú sí i. Mo bèèrè ohun tó ṣe é. Wọ́n ní, "Na di sun, mi pikin, na di sun." Wọ́n ní oòrùn ló pa á. Bàṣírát, ọjọ́ kẹrin nìyẹn tí òjò ti ń rọ̀ ní Banjul, a kò fojú kan oòrùn rárá.

Mo bẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi sọ ọ́. Wọ́n ní nígbà tí mo fún àwọn ní ọṣẹ tó dára tó bẹ́ẹ̀, àwọn kò fẹ́ fi fọ àkísà, aṣọ tó ṣọ̀wọ́n jù nílé ni àwọn mú. Wọ́n ní ẹ̀bùn ni, àwọn kò lè tìtorí ẹ̀bùn dójú tì mí. Mo sunkún lẹ́yìn ilé yẹn. Ojú tì mí gan-an, torí pé àdúrà wọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà nínú ìwé wa, Yésúfù sì ti fa ìlà sí i nídìí.

Ó ku ọjọ́ márùn-ún kí Dawda padà wá. Yésúfù bi mí pé kí ni ká ṣe, pé ìwé ti kún, ìyìn sì ni gbogbo rẹ̀, ohun tí wọ́n sì fẹ́ nìyẹn. Mo rántí ẹ̀yìn ọjà àti àwọn alábàárù, ọkàn mi ń fà síwá, ó ń fà sẹ́yìn. Níkẹyìn mo gbé ìborùn mi, mo tún lọ bá gbogbo ogójì wọn. N kò bi wọ́n léèrè nípa ọṣẹ mọ́. Mo ní kí wọ́n fi aṣọ tí wọ́n fi ọṣẹ náà fọ̀ hàn mí. Mo ní èmi ni mo wá tọrọ ẹ̀bùn lọ́wọ́ wọn lọ́tẹ̀ yìí, òótọ́ ni kí wọ́n fi ta mí lọ́rẹ, kí n má baà gba ohun tí yóò ba orúkọ mi jẹ́. Ìgbà náà ni wọ́n tó ń yọ aṣọ lábẹ́ ẹní. Funfun kò ní àléébù, ṣùgbọ́n ènìyàn méje ni ọṣẹ yìí ba aṣọ aláró wọn jẹ́, àwọn méjèèje ló sì ti ṣàdúrà fún mi.

Nígbà tí Dawda dé, ìwé tuntun la gbé fún un. Ó kà á, ó tú táì rẹ̀ díẹ̀. Ó ní Kumba àti ẹnì kejì ti mú tiwọn wá, kò sí ẹni tó rí àléébù kankan. Mo tẹ́ aṣọ Mama síwájú rẹ̀. Ó fọwọ́ pa á, ó ní èyí kò ní dùn mọ́ àwọn ọ̀gá òun. Mo ní ṣebí ìwọ lo ní ká má fi epo bọ iyọ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò ṣèlérí ohunkóhun.

Ọkọ̀ dé ní oṣù Kẹjọ, wọ́n sì gbé ọṣẹ náà fún Kumba. Ó dùn mí o. N kò lè jẹ oúnjẹ alẹ́ ọjọ́ náà, Yésúfù ló bá mi jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n kò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ tí Dawda fi kó horo amọ́bẹ̀dùn àti ọṣẹ ìfọyín wá bá mi, ó ní èmi ni kí n máa tà wọ́n. Ó ní nítorí mo sọ pé ọṣẹ kò dára, òun gbà mí gbọ́ nígbà tí mo sọ pé horo dára. Ohun tó wá ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé bí àwọn obìnrin bá ti mú ọṣẹ lọ́wọ́ Kumba, wọn á rìn wá sí ẹ̀yìn ọjà, wọn á bi mí kí wọ́n tó sanwó. Mo máa ń sọ pé kí wọ́n fi fọ funfun, kí wọ́n fi aláró sílẹ̀. Kumba kọ́kọ́ ń fajú ro sí mi. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, òun fúnra rẹ̀ wá, gèlè aláró lọ́wọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ nílẹ̀. Òun náà ló ń kìlọ̀ fún wọn báyìí.

Mo gbé aṣọ Mama lọ sọ́dọ̀ aláró kan ní Serekunda, ó tún un rẹ, ó dúdú minimini. Mama gbà á, wọ́n bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Mo ní Mama, kò sí àdúrà lónìí, òótọ́ ni mo fẹ́. Wọ́n wo aṣọ, wọ́n wò mí, wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "A bin lek di fos wan pas." Pé ti àtijọ́ ni àwọn fẹ́ràn jù! A di ara wa mú, à ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú àwa méjèèjì.

Bá mi kí baálé rẹ àti ìyá wa. Kí Gbádégẹṣin àbúrò rẹ, sọ fún un pé mo ṣì ń retí fọ́tò ìyàwó rẹ̀. Jìbírílù ń bọ̀ wálé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo fi horo amọ́bẹ̀dùn ogún, ọṣẹ ìfọyín méjì àti ìpara kan rán an sí ọ. N kò fi ọṣẹ ẹlẹ́yẹlé sí i.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ bàtà. Mo tún lẹ́tà rẹ kà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Mama. Ojú ewé kan àtààbọ̀, o kò sọ níbì kankan pé o wọ̀ ọ́. Ẹsẹ̀ ara mi ni mo fi wọn bàtà náà lọ́jà, Bàṣírát, nítorí pé bàtà kan náà ni a jọ ń wọ̀ ní kékeré. N kò rántí pé ó ti tó ọdún mọ́kànlá tí mo ti rí ẹsẹ̀ rẹ kẹ́yìn. Jọ̀ọ́, má ṣàdúrà fún mi nínú lẹ́tà tó ń bọ̀. Tẹ bébà sílẹ̀, gbé ẹsẹ̀ rẹ lé e, fi bírò yí i po, kí o fi ránṣẹ́ sí mi.

Èmi tí mò ń retí ẹsẹ̀ rẹ,
Mùtíàt