Òjé Ìtẹ̀wé Yín Ti Wọ Ọ̀sà Bàrígà

Bàbá mi tí mo fẹ́ràn,

Mo ti ta òjé ìtẹ̀wé yín. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí n tó máa yí ọ̀rọ̀ po. Gbogbo lẹ́tà òjé tí ẹ fi ọgbọ̀n ọdún kó jọ sínú àpótí onígi, ńlá àti kékeré, àwọn Ìlàjẹ tó ń pẹja ní Bàrígà ti rà wọ́n. Wọ́n á yọ́ ọ, wọ́n á so ó mọ́ àwọ̀n kó lè rì sómi.

Ẹ rí ìbẹ̀rẹ̀ Sáàpù, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí àwọn sọ́jà gbé dé. Ẹ ò rí bó ṣe dà. Iye tí wọ́n bá pe bébà láàárọ̀ ní Onípànù kọ́ ni wọ́n máa pè é lọ́sàn-án. Èmi sì ń ṣe bíi tiyín: tí ẹ bá ti dá iye lé iṣẹ́, ẹ kì í yẹ̀ ẹ́. Mo gba iṣẹ́ kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ kan ní Fọlá Àgòrò, mo dá iye lé e kí n tó ra bébà. Kí n tó dé ọjà, bébà ti gbówó lérí. Mo tẹ̀ ẹ́ fún wọn bẹ́ẹ̀ náà. Àwa ò jẹ nǹkan kan níbẹ̀. Ṣé ẹ̀yin náà ì bá tẹ̀ ẹ́?

Lẹ́yìn ìyẹn, mo ní kí oníbàárà máa gbé bébà tirẹ̀ wá. Iṣẹ́ ṣáà ń gbẹ. Mo wá rò ó pé ká ra ẹ̀rọ ìgébébà àlòkù, ká máa fi àjákù bébà ṣe jọ́tà fún ọmọ ilé ìwé, kí n má baà lé ẹnikẹ́ni lọ. Òjé yín nìkan la lè tà ká fi rà á. Mi ò lè sọ fún Bọ̀dá Súlè, tó ti ń bá yín to lẹ́tà kí ẹ tó bí mi. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi ń yẹra fún un. Òun ló fura, tó pè mí.

“Tà á. Ọwọ́ tó ń to lẹ́tà lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń gé bébà. Ṣọ́ọ̀bù tí a bá tì lásìkò yìí, a ò ní ṣí i mọ́.”

Èmi sì rò pé èmi ni ọ̀gá.

Jọ́tà náà ń tà. A ò lé ẹnikẹ́ni. Ó yẹ kí inú mi dùn, ṣùgbọ́n mi ò mọ ibi tí inú náà wà. Mò ń jẹun, mò ń sùn, mò ń dá èèyàn lóhùn.

Ó ku nǹkan kan. Iṣẹ́ ìkẹyìn tí a fi òjé yín tẹ̀ ni ìwé tí a fi pe èèyàn síbi àdúrà ìrántí ọdún kan tí ẹ papò dà. Bọ̀dá Súlè ò tú òjé tó tò fún un ká. Ó fi okùn dì í bó ṣe tò ó. Lọ́jọ́ tí àwọn Ìlàjẹ wá kó ẹrù, ó gbé e pamọ́ sẹ́yìn. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo gbé e lé òṣùwọ̀n, torí ìwọ̀n ni wọ́n fi ń ra òjé, ó sì wúwo. Orúkọ yín wà lókè rẹ̀ gàdàgbà. Mo dúró kí ẹkún wá. Kò wá, Bàbá mi. Mo ní kí wọ́n ka ìwọ̀n rẹ̀ fún mi.

Èmi ni, ọmọ yín tí kò yé fẹ́ràn yín.