Ìyá Rẹ Ti Wọ Ọkọ̀

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Ọmọ ọmọ mi ńkọ́, tí ìyá rẹ ò tíì fojú kàn, tí ẹ ní ó ti ń rìn báyìí? Olúwa á máa ṣọ́ yín, ẹ ò ní fẹsẹ̀ kọ. Àwa náà wà, a dúpẹ́. Wá ibì kan jókòó sí kí o tó kà á lọ, torí ayọ̀ ló wà nínú ìwé yìí. A ti ṣẹ́gun!

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tí ìwọ àti ọkọ rẹ ń jiyàn lé lórí, tí ẹ ní kí n bá yín dá, mo rí àwòrán méjèèjì lórí fóònù. Wágọ̀nù ni ìwọ fẹ́, èyí tí òrùlé rẹ̀ gùn dé ìdí, tí o ní ó mọ eré é sá. Sẹdáànù tó yọ bọ́ọ̀tù sẹ́yìn ló wu ọkọ rẹ. Káfíńtà ni bàbá rẹ, n kì í fojú lásán dájọ́, ni mo bá na tépù lé fóònù. Wágọ̀nù ò ju ìka mi lọ! Ẹ̀rù bà mí, mo ní wọ́n ti fẹ́ lu àwọn ọmọ mi ní jìbìtì, adìẹ ò lè jókòó síbẹ̀ kó na ẹsẹ̀. Tíṣà tó ń gbé iwájú ilé wa fi ìka ya ojú fóònù, ọkọ̀ náà sì fẹ̀ sí i. Mo ní kó máa yà á lọ títí tá a fi máa rí ibi tí èèyàn lè jókòó, ó ní fóònù ò gbà mọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí o fi ìwọ̀n tòótọ́ ránṣẹ́.

Bí ìwọ̀n ṣe dé, mo kan méjèèjì ní pákó sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, pẹ̀lú ìjókòó, ilẹ̀kùn àti òrùlé. Táyà nìkan ni mi ò ṣe, torí a ò tíì fẹ́ lọ síbì kankan.

O mọ̀ pé láti ọjọ́ tí àwọn ọkùnrin ti fa ìyá rẹ jáde nínú takisí bí àpò sìmẹ́ńtì, tí gbogbo àdúgbò ń rẹ́rìn-ín, ló ti búra pé òun ò wọ ọkọ̀ mọ́. Orúnkún ń dùn ún lóòótọ́, àmọ́ ìtìjú yẹn ló dùn ún jù. Mo bẹ̀ ẹ́ títí ẹnu mi fi bó pé kó jẹ́ ká wá wo ọmọ yín. Ńṣe ló máa ń fi etí aṣọ nu àwòrán ọmọ náà lójú fóònù.

Ọ̀rẹ́ mi Dẹ́rẹ́bà, tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ wakọ̀ fún àwọn ọ̀gá, ní sẹdáànù ni ọkọ̀ èèyàn pàtàkì, pé wágọ̀nù jọ ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kó búrẹ́dì. Ó jókòó sẹ́yìn sẹdáànù mi, ó gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, ó ní kí n pa ilẹ̀kùn dé fún òun. Ìgbà tó ń jáde ni òrùlé gbá a lórí gbàgà, fìlà rẹ̀ kù sínú ọkọ̀. Àṣé látọjọ́ yìí, kò jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ rí!

Ibi tá a ti ń fi omi tútù pa á lórí ni mo ti bojú wẹ̀yìn. Ìyá rẹ ti wà nínú wágọ̀nù. Ẹnikẹ́ni ò fà á, ẹnikẹ́ni ò tì í. Ó ti ju ọ̀pá rẹ̀ sí ẹ̀yìn gígùn yẹn, ó fìdí wọlé, ó gbé ẹsẹ̀ tẹ̀ lé e, orí rẹ̀ ò sì kan òrùlé. Ó ní kí ló dé tí ọkọ̀ ò tíì gbéra. Ọmọ mi, mo sunkún. Dẹ́rẹ́bà lọ jókòó síwájú, ó ń fi ẹnu fọn fèrè ọkọ̀.

Torí náà, wágọ̀nù ni. Kí ọkọ rẹ má bínú, àna mi ni, mo bọ̀wọ̀ fún un, àmọ́ orúnkún ti dájọ́.

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́. Pákó tí Tíṣà ní kí n fi kan ilẹ̀kùn òun ni mo fi ṣe òrùlé wágọ̀nù, aṣọ ló ta sẹ́nu ọ̀nà báyìí, kò sì fi bẹ́ẹ̀ kí mi mọ́. Ǹ bá tú u fún un, ìyá rẹ ò gbà. Ó ti di ẹrù rẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀, inú rẹ̀ ló ń jókòó sí láràárọ̀, kó má bàa di pé ẹ dé tán kí ẹ tún máa dúró de òun.

O ní àwọn tó ń tà á máa ń jẹ́ kí èèyàn kọ́kọ́ wà á wò lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n ṣeun. Ẹ wà á wò dé ọ̀dọ̀ wa, kí ẹ sì wà á wò padà pẹ̀lú ìyá rẹ.

Ọ̀nà á là fún yín, ohun tẹ́ ẹ rà á pẹ́ lọ́wọ́ yín, ọmọ yín á fi gun ibi gíga. Ẹ tètè máa bọ̀ o, òjò ti ń ṣú, ìyá rẹ sì ní òun ò sọ̀.

Èmi ni bàbá rẹ.