Sìlíńdà Kan Tí Ebi Ń Pa

Ọlálẹ́yẹ, àbúrò mi,

"Kò sí ẹ́ńjìnnì tí òyìnbó ṣe tí kì í gbọ́rọ̀ sí mi lẹ́nu." Ọ̀rọ̀ Sàlàhúdíìnì nìyẹn, mẹkáníìkì wa ní Òwu, tó ń pe ara rẹ̀ ní Ínjíníà. Ìyá ń kí ọ, orúnkún wọn ti fúyẹ́ díẹ̀. Àwọn ará Igbein náà ń kí ọ.

Mọ́tò onínjẹ́ṣọ̀n tí o fi sílẹ̀ fún wa ń gbọ̀n. Nọ́sù kan, ẹnu tó ń fín epo sínú ẹ́ńjìnnì, ló dí, epo kò dé sìlíńdà rẹ̀ tó. Mo ní kí Sàlàhúdíìnì tú àwọn nọ́sù náà wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní, "Tíṣà, ẹ di ṣọ́ọ̀kì yín mú jàre!" Ló bá fi epo kún ti sìlíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, bí ẹni tí ebi ń pa ọmọ rẹ̀ kan, tó wá ń rọ gbogbo wọn lẹ́kọ. Mẹ́ta mu àmujù. Èyí tó dí gbóná títí ó fi jó.

Ọ̀nà Owódé ni mọ́tò náà kú sí lọ́jọ́ Ẹtì, nígbà tí mò ń gbé Adépéjú ìyàwó rẹ, tó ti ń rọbí, lọ sí ọsibítù. Kí bọ́ọ̀sì tó gbé wa, ẹ̀pa kò bóró mọ́. Ìyàwó rẹ yè. Ọmọ kò yè.

Ọlọ́run yóò tù ọ́ nínú. Jọ̀ọ́, tètè wá jókòó ti Adépéjú. Àwọn ìyá ilé kò jẹ́ kó rí ọmọ náà kí wọ́n tó sin ín. Kò bá wa sọ nǹkan mìíràn, àfi kó máa bi ẹni tó bá wọlé pé: "Ṣé ọkùnrin ni àbí obìnrin?"