Ìyàwó Mẹ́rin tí Farangis Fi Ránṣẹ́ sí Wa

Farangis ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé Tehran ò tíì sú ẹ? Àwa ò ṣàìsàn níbí, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Bíbí ìyá àgbà kí ẹ, ó ní kí n kí ẹ lẹ́ẹ̀mejì torí ó gbà pé mo máa ń gbàgbé tòun. Ewúrẹ́ funfun yẹn ti bímọ, ìbejì ni, igi àsálà sì so lọ́dún yìí débi pé orí igi ni Meysam àbúrò ẹ ń gbé láti àárọ̀, oje èèpo àsálà ti sọ gbogbo ọwọ́ ẹ̀ di dúdú kirikiri. Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká fojú sunkún ara wa. Àmín.

Wàá máa bi ara ẹ pé kí ló dé tí mo ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Meysam ló gbà á lọ́wọ́ mi. Ó gbé e sórí àjà, ó ní ọ̀rọ̀ èmi àti fóònù ti parí, pé tí mo bá tún fi pe ẹnikẹ́ni, inú kànga lòun máa jù ú sí. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ló ń bá mi mú ìwé yìí wá. Jẹ́ kí n tètè ro tẹnu mi kó tó ro tiẹ̀, o ṣáà mọ̀ pé àbúrò ẹ máa ń bù mọ́ ọ̀rọ̀.

Ìwọ náà lo fà á. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kí o bá wa wá ọmọ gidi kan fún Meysam. Nígbà tí o wá fi àwòrán ọmọbìnrin mẹ́rin ránṣẹ́, tí o ní kí n fara balẹ̀ wò ó, kí n sọ èyí tó wù mí, kí n má sì jẹ́ kí Meysam rí i, kí lo fẹ́ kí n rò? Gbogbo wọn kó irun sẹ́yìn, wọn ò lé tìróò, wọn ò rẹ́rìn-ín, wọ́n kàn tẹjú mọ́ iwájú. Mo ní háà, Farangis mà gbọ́n o, ó ní kí wọ́n fojú lásán ya fọ́tò kí wọ́n má baà fi àtíkè tàn wá jẹ.

Mo pe Bíbí, mo pe Kobra ará ilé kejì, torí ojú ẹnì kan ò tó yan ìyàwó. Ti àkọ́kọ́, imú ẹ̀ rí ṣóńṣó, ó ká sókè, ihò méjèèjì ń wò wá. Kobra ní tójò bá ká eléyìí mọ́ oko, àfi kó dojú bolẹ̀ kó má baà kún. A rẹ́rìn-ín títí, mo wá ní kó má bú ọmọ ọlọ́mọ mọ́. Ìkejì sàn díẹ̀, àfi pé ó ń ṣe bí ẹni tó gbóòórùn ọbẹ̀ wa tí kò sì fẹ́ràn ẹ̀. Ìkẹta tín-ín-rín bí ẹ̀yìn ọ̀bẹ. Bíbí béèrè pé ibo lo rò pé ó ń gbà mí, ṣé etí ni? Ìkẹrin, ìwọ ni, Farangis, pẹ̀lú imú gbàǹgbà ilé wa tó ní iké láàárín, imú Bíbí gan-an. Mo ní o fi tìẹ sí i kí ojú má baà ti àwọn yòókù ni. Bíbí, tí kò ríran dáadáa mọ́, gbé fóònù sún mọ́ ojú, ó ní ìkẹrin yẹn ni kí a mú. Mo ní ọmọ ọmọ yín mà nìyẹn! Ó ní òun mọ̀, ṣùgbọ́n òun ló rẹwà jù níbẹ̀, kí a lọ wá irú ẹ̀ wá.

Èmi àti Kobra bá fẹnu kò sí ìkejì. Nọ́ńbà kan wà lábẹ́ àwòrán, mo ní tàwọn òbí ọmọ ni. Mo pè é. Obìnrin kan kí mi, ohùn ẹ̀ dùn, mo kí i padà, mo béèrè ọkọ, mo béèrè ọmọ, mo béèrè bóyá òtútù ti dé ọ̀dọ̀ wọn. Kò dáhùn ìkankan, ó kàn ń ní kí n tẹ ení, kí n tẹ èjì. Mo ní ìgbéraga ará Tehran rèé. Kobra ló bá mi tẹ̀ ẹ́. Obìnrin mìíràn wá gbé e, èyí mọ ọmọ ènìyàn. Mo ní ọ̀rọ̀ ire la bá wá, lórí àwòrán mẹ́rin tí Farangis fi ránṣẹ́, ìkejì la fẹ́. Ó ní ó dáa, Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn èyí ni, kó má jẹun láti alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Mo ń rò ó lọ́kàn pé irú àna wo ló ń febi pa àlejò? Ó tún ní kí n mọ̀ pé kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ o, pé ẹlẹ́ẹ̀kejì máa ń le ju àkọ́kọ́ lọ. Mo fọwọ́ bo fóònù, mo sọ fún Kobra pé ọmọ náà ti lọ ilé ọkọ rí. Kobra ní kò burú, ṣebí Meysam náà ti ń pá lórí.

Obìnrin yẹn wá ní wọ́n máa nílò egungun ìhà díẹ̀. Mo ní díẹ̀ kẹ̀? Odindi àgbò la máa fà bọ̀! Ó ní rárá, pé ara ọmọ náà fúnra ẹ̀ ni wọ́n á ti mú un. O mọ̀ bí a ṣe ń ṣe nílẹ̀ yìí, ẹni tó bá ní rárá lẹ́ẹ̀kan ń tijú ni, tó bá tún ní rárá, ó ń bọ̀wọ̀ fún ẹ, ìgbà kẹta ló máa gbà. Mo ní àgbò, ó ní rárá. Mo tún ní àgbò, ó ní rárá. Mo ní àgbò oníwo, ó ní òun á bi dókítà. Mo sọ fún Kobra pé dókítà ni bàbá ọmọ, wọ́n sì ti gbà. Kí n tó gbé fóònù sílẹ̀, Kobra ti ń pín àdídùn kiri àdúgbò.

Bíbí ló bà á jẹ́. Ó ní òun ò gba ìkejì, ìkẹrin tàbí irú ẹ̀ lòun fẹ́. Mo bá tún pè, mo ní kí wọ́n má bínú, ìyá wa àgbà ní ìkẹrin ni. Obìnrin náà fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ pé ìkẹrin ò sí mọ́, pé kò sí dókítà tó lè ṣe ìyẹn padà. Mo ní ta ló mú un lọ? Ó ní kò sẹ́ni tó mú un lọ, Farangis fúnra ẹ̀ ló ní kí wọ́n gé e.

Ibẹ̀ ni Meysam ti wọlé. Ó gba fóònù, ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú, lẹ́yìn náà kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní Màámi, ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń tún imú ṣe lẹ pè yìí, Farangis ni gbogbo wọn. Ó ní àkọ́kọ́ ni imú tí o ní báyìí, ìkejì àti ìkẹta ni dókítà ń ṣèlérí pé òun á fi egungun ìhà ẹ mọ, ìkẹrin ni èyí tí o bá wá sáyé.

O sọ fún wa nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún ẹ pé imú ń dí ẹ. Mo rò pé wọ́n kàn gbá inú ẹ̀ bí a ṣe ń gbá páìpù sítóòfù ni. Àṣé ìdí nìyí tí o fi ń fi aṣọ bomú nínú gbogbo fọ́tò, tí ọdún tuntun méjì fi kọjá tí o ò wálé. Farangis, ojú tì mí, kì í sì í ṣe tìtorí àgbò. Mo wo ojú ọmọ tí mo fi ọmú mi bọ́, mo ní kí wọ́n má bú ọmọ ọlọ́mọ.

Bíbí ní ẹni tó bá ta ará ilé ẹ̀ lọ́pọ̀ ò ní rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n mọ́. Mo ní kó sinmi. Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn, áńbọ̀sì imú. Meysam ní obìnrin yẹn ṣàlàyé fún òun pé èyí tí o ní yìí ń súfèé tí o bá sùn, kì í sì í jẹ́ kí o mí dáadáa. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, mi ò ní kí o má tún un ṣe, ìhà ẹ ni, o lè fi ṣe ohun tó wù ẹ́. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ bi dókítà àkọ́kọ́ níbi tó kó èyí tó gé sí. Télọ̀ gidi máa ń dá àgékù aṣọ padà fún aláṣọ. Tó bá ní òun ti dà á nù, sọ fún un pé imú yẹn dàgbà ju òun lọ.

Ohun tí mo ń bẹ̀ ẹ́ fún ni pé kí o wálé kí Ọjọ́bọ̀ yẹn tó pé. Gbé imú tí o ní báyìí bọ̀ bó ṣe rí, kí o sì ṣí aṣọ bomú kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Kobra ti búra pé òun ò ní sọ̀rọ̀ òjò mọ́. Tó bá sọ ọ́, èmi náà á sọ ti eyín ẹ̀ tó ń sùn nínú kọ́ọ̀bù. Jẹ́ kí n fọwọ́ kan imú yẹn, kí n mọ̀ ọ́n dáadáa kí wọ́n tó tún yí i padà, kí ẹnì kan má baà kanlẹ̀kùn mi lọ́jọ́ kan kí n ní kó máa lọ.

Fi owó díẹ̀ bọ̀ fún àdídùn tí Kobra pín, a ò lè gbà á padà lẹ́nu ará àdúgbò. Mo ti sọ fún wọn pé ìbejì ewúrẹ́ la fi ń yọ̀. Bá mi bẹ obìnrin yẹn náà. Tí dókítà bá sì ti gba àgbò, kí ó ránṣẹ́ sí wa, àwa kì í yẹ̀hùn.

Ọlọ́run á jẹ́ kí o máa mí fàlàlà. Ohun tó bá ojú ló bá imú. Ibi ò ní bá ojú ẹ. O ò ní di àlejò nílé tí wọ́n bí ẹ sí. Àmín.

Èmi ni ìyá ẹ, tí kò dá ẹ mọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, tó dá ẹ mọ̀ lẹ́ẹ̀kan.